Ìdánwò Tí Ó Yẹ Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí n kò ní dárúkọ, mo wà nínú kíláàsì ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti àwọn ọmọ ń ka àròkọ, nígbà tí a gbọ́ igbe láti yàrá sáyẹ́ǹsì tí ó wà ní òdìkejì pápá. Igbe náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ máa ń ké nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré. Mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo sì sáré lọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí ọmọkùnrin kan tí ó wà ní kíláàsì SS 2. Òṣìṣẹ́ yàrá náà, bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Láàbù, ti fà á dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú ṣinṣin sábẹ́ omi tí ń ṣàn, kò sì jẹ́ kí ó fà á kúrò bí ó tilẹ̀ ń ké, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ kejì bu omi sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Olùkọ́ tí ó ni iṣẹ́ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Olùkọ́ yìí fẹ́ bu omi la ásíìdì sọ́fúríkì, irú èyí tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí tirẹ̀ ṣì le, tí kò tíì sí omi kankan nínú rẹ̀. Ó da ásíìdì sínú ife dígí, ó sì wá ń da omi lé e lórí. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé òdìkejì èyí ni a máa ń ṣe. Omi ni a kọ́kọ́ ń bù sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá máa fi sùúrù da ásíìdì sínú omi náà díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa rò ó bí a ti ń dà á. Nígbà tí ásíìdì yìí bá pàdé omi, ooru ńlá ni ó ń jáde. Bí omi bá pọ̀, tí ásíìdì sì kéré, omi náà yóò gba ooru náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ omi díẹ̀ ni a dà lé ásíìdì púpọ̀, omi díẹ̀ náà yóò hó lójú ẹsẹ̀, yóò sì ta ásíìdì sókè bí òróró gbígbóná tí omi kán sí. Ẹni tí ó bá ti din àkàrà rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó ta sí ọmọ náà ní ọrùn ọwọ́ àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Láàbù, ojú rẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n àpá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò parẹ́. Ọmọ náà tí ó ti ń sọ fún wa láti ìgbà tí ó ti wà ní JSS pé apòògùn ni òun yóò dà, kò padà sí yàrá náà mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn òbí rẹ̀ wá bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí a gbà á láyè láti yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà. Inú kíláàsì mi ni ó bọ́ sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáradára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé inú mi dùn sí ọ̀nà tí mo gbà rí i.

Ẹ má ṣe rò pé òpè ni olùkọ́ náà. Ó kàwé, ó gba oyè ní yunifásítì, ó sì ní ìwé àṣẹ ìjọba láti kọ́ni. Ìdánwò tí a fi ń gba ìwé àṣẹ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ṣe é tí ó fi yege. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo bá a níbi tí ó jókòó sí lẹ́yìn yàrá àwọn olùkọ́, mo sì bi í léèrè bí ọ̀ràn náà ti jẹ́. Ó ní nígbà tí òun wà ní yunifásítì, àwọn pọ̀ níbi tábìlì kan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kì í lè rí iwájú. Ásíìdì tí àwọn sì ń lò, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ti máa ń bu omi là á kí àwọn tó dé. Òun ti kà á nínú ìwé pé inú omi ni a ń da ásíìdì sí, òun tilẹ̀ ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí, ṣùgbọ́n òun kò tíì fi ọwọ́ ara òun ṣe é títí di ọ̀sán ọjọ́ náà. "Orí mi mọ̀ ọ́n, sà," ni ó wí, "ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n."

Gbólóhùn yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà, òun náà ni ó sì mú mi kọ ohun tí mò ń kọ yìí. Èrò mi ni pé ó tọ́, ó sì yẹ, kí ìjọba máa dán olùkọ́ tuntun wò kí ó tó fún un ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà bá jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ìdánwò tí kò bá béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ kò tíì dán an wò.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò mọ̀ pé olùkọ́ yín pẹ̀lú a máa ṣe ìdánwò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí. Ní ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí a ń fi lẹ́tà mẹ́rin pè ní TRCN. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni láti sọ ẹni tí í ṣe olùkọ́ àti ẹni tí kì í ṣe é, láti kọ orúkọ àwọn tí ó yẹ sínú ìwé, àti láti fún wọn ní ìwé àṣẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn mú wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí yunifásítì ni a ń wò. Ní ọdún 2017 ni ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀, tí ó ní ìpele mẹ́rin, láti orí ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí NCE títí dé orí ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìjọba sì fi òpin ọdún 2019 ṣe gbèdéke fún àwọn tí ń kọ́ni láìní ìwé àṣẹ. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe ìdánwò náà. Ìbéèrè yóò hàn lójú ẹ̀rọ, ìdáhùn mélòó kan yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ń ṣe ìdánwò yóò sì mú èyí tí ó bá rò pé ó tọ̀nà.

Èmi pẹ̀lú ṣe é ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí mo ti ń kọ́ni fún ọdún mẹ́rìnlá. N kò ní purọ́, inú mi kò dùn nígbà tí a kọ́kọ́ sọ fún wa. Mo rò ó nínú ara mi pé kí ni ẹ̀rọ fẹ́ bi mí tí àwọn ọmọ kò tíì bi mí tán? Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ni ní Físíìsì jókòó sí ìlà tí ó wà níwájú mi. Nígbà tí a jáde, a dúró lábẹ́ igi máńgòrò, à ń bi ara wa léèrè ohun tí olúkúlùkù pàdé. Ó bá mi lójijì láti rí i pé bí ẹni tí ó jẹun nínú àwo kan náà ni àwa méjèèjì rí. A bi èmi léèrè bí ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́, bí a ti í tọ́ ọmọ tí ó ya aláìgbọràn sọ́nà, àti ìwà tí ó yẹ ọmọlúàbí olùkọ́. A bi òun náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè náà dára, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ ìdáhùn wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tí ọ̀rẹ́ mi rántí, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ bóyá ó lè so wáyà iná mọ́ ara wọn kí gílóòbù tàn.

Síbẹ̀, n kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí a pa ìdánwò náà rẹ́. Ojú wa ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí i. Ẹni tí ó bá jáde ní yunifásítì tí kò rí iṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ epo a ní kí òun lọ máa kọ́ni ná. "Kọ́ni ná" yìí ti ba nǹkan jẹ́. Agbẹjọ́rò kì í sọ pé kí òun lọ máa ṣe dókítà ná, bẹ́ẹ̀ ni dókítà kì í lọ jókòó ní kóòtù láti ṣe agbẹjọ́rò ná. Bí iṣẹ́ kan kò bá ní ilẹ̀kùn, gbogbo ẹsẹ̀ ni yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tí TRCN ṣe sí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ wa, mo dúpẹ́ rẹ̀. Mo kàn ń béèrè pé irú kọ́kọ́rọ́ wo ni a fi ń ṣí i ni.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe tiwọn. Ọmọ tí ó bá lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán kò lè ṣe fíríìdọ́ọ̀mù nítorí pé ó lè ka orúkọ gbogbo irú ẹ̀ya aṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ yóò nà aṣọ sí i, yóò ní kí ó gé e, yóò sì dúró tì í bí ó ti ń gé e, nítorí aṣọ tí a bá ti gé tán kò ṣeé dá padà. A kì í sọ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn di dókítà láìjẹ́ pé ó ti dúró ní ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn níwájú àwọn olùdánwò, tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì sọ ohun tí ó rí. Òfin ní kí a wo ẹni tí ó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ níbi tí ó ti ń wa ọkọ̀. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ojú ń rí ní títì nítorí àwọn tí ó gba ìwé náà láìjókòó sí ìdí ọkọ̀ níwájú ẹnikẹ́ni.

Èyí tí ó wá yà mí lẹ́nu jù lọ wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Kẹ́mísírì mọ̀ pé nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC láti ilé-ẹ̀kọ́ yín, ìwé kẹta ìdánwò náà kì í ṣe èyí tí a fi ẹnu sọ. Ẹ ó di búrẹ́ẹ̀tì mú, ẹ ó jẹ́ kí ásíìdì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú álíkálì, ẹ ó máa ṣọ́ àwọ̀ rẹ̀ títí tí yóò fi yí padà lójijì, ẹ ó sì ka iye tí ó ti kán. Bí ẹ bá kọjá àyè pẹ̀lú ẹ̀kán kan tàbí méjì, ẹ ti gbé e sọnù. Àjọ WAEC tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952 kò gbà pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ Kẹ́mísírì bí kò bá lè ṣe èyí. Àwọn tí ń ṣe ìdánwò láti ìta nìkan ni a fún ní ti orí ìwé dípò rẹ̀. Ó wá di pé a ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ohun tí a kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ọjọ́ tí a fẹ́ fún un ní ìwé àṣẹ.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé olùkọ́ náà ti ṣe gbogbo èyí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti pé ó ti lọ kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ti olùkọ́ tí mo sọ ìtàn rẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá tó láti fọkàn tán, kí ni a tún ń dán olùkọ́ wò fún? Ìdí tí a fi dá ìdánwò kejì sílẹ̀ ni pé ti àkọ́kọ́ kò dá wa lójú.

Ohun tí mò ń béèrè fún kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ yìí. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ Gíréèdì Kejì. Ó máa ń sọ fún wa nípa ọjọ́ tí olùdánwò wá wò ó. Olùdánwò náà jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro, ó kàn ń kọ nǹkan. Ẹ̀kọ́ nípa bí irúgbìn ti ń hù ni bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti gbin ẹ̀wà sínú agolo mẹ́ta láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, ó bomi rin ọ̀kan, ó fi omi du ọ̀kan, ó sì bo ọ̀kan mọ́ inú òkùnkùn. Bí ó ti gbé agolo kẹta jáde ni ó rí i pé eku ti jẹ ẹ́. Ó ní ojú òun ṣú. Ṣùgbọ́n ó gbé agolo náà sókè, ó bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rò pé a ìbá rí bí kì í bá ṣe ti eku, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Ìgbà náà ni olùdánwò kọ́kọ́ gbójú sókè. Bàbá mi yege. Kò sí ẹ̀rọ kan tí ó lè fi ìbéèrè oníìdáhùn mẹ́rin mọ ohun tí ọkùnrin náà mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Àwọn ará Jámánì kò fi èyí sílẹ̀. Láti ọdún 1810 ni ìjọba Prussia, tí ó jẹ́ apá kan ilẹ̀ náà, ti ṣe é ní òfin pé ẹni tí yóò kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò níwájú ìjọba. Títí di òní, ẹni tí ó bá jáde ní yunifásítì níbẹ̀ yóò tún lo bí ọdún kan àti ààbọ̀ sí ọdún méjì nínú ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ àwọn olùkọ́ àgbà, nígbà tí ó bá sì tó àkókò, àwọn olùdánwò yóò wá jókòó sínú kíláàsì rẹ̀, wọn yóò wò ó bí ó ti ń kọ́ni. N kò sọ pé kí a ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Owó wa kò tó tiwọn. Ṣùgbọ́n jíjókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kò ná ènìyàn ní ohun púpọ̀.

Bí a bá ní kí èmi sọ bí ìdánwò olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ìbá ti rí, èmi yóò fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí ó ti wà, n ó sì fi ọjọ́ kan kún un. Ní ọjọ́ náà, olùkọ́ Kẹ́mísírì yóò bu omi la ásíìdì níwájú olùdánwò méjì. Olùkọ́ Físíìsì yóò so wáyà, bátìrì àti gílóòbù pọ̀, yóò sì fi hàn pé òun mọ èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gílóòbù nínú àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná àti èyí tí a ń so sójú ọ̀nà rẹ̀. Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì yóò bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lára àlùbọ́sà, yóò kán aidíìnì sí i, yóò gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, yóò sì pe ọmọ kan wá wò ó. Bí ó bá jẹ́ dígí tí ó lágbára jù ni ó kọ́kọ́ yí wálẹ̀ tí ó fi fọ́ awò mọ́lẹ̀, a ó mọ̀ pé kò tíì tó àkókò.

Lẹ́yìn èyí, n ó kó gbogbo ohun tí a rà láti ilẹ̀ òkèèrè kúrò lórí tábìlì, n ó sì sọ fún un pé: kọ́ wa ní ohun tí ásíìdì àti álíkálì jẹ́ pẹ̀lú ohun tí a lè rí lọ́jà. Mo fẹ́ràn apá yìí jù, bóyá nítorí pé ìyá mi àgbà ń ṣe ọṣẹ dúdú. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè fún iṣápá pupa, yóò sè é, yóò sì sẹ́ omi rẹ̀. Bí ó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, yóò pọ́n kẹ́ẹ́. Bí ó bá sì da omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú sí òmíràn, pípọ́n náà yóò lọ, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí sí ti ewé tàbí ti aró. Ohun tí omi iṣápá ń ṣe yìí náà ni àwọn ohun tí ó wà nínú ìgò olówó gọbọi ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni kò ní ìgò náà. Olùkọ́ tí kò lè kọ́ni láìsí ìgò náà kò ní lè kọ́ni ní ibẹ̀ rárá, yóò kàn máa kọ àkọsílẹ̀ sí ojú pátákó ni, àwọn ọmọ yóò sì máa dà á kọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí ni ti olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó ní ti èmi níbẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́; wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́. N kò ní kí a fi Yorùbá ṣe ìdánwò WAEC ní ọ̀la. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ásíìdì ta sí ọmọ yẹn, èdè Yorùbá ni Bàbá Láàbù fi pariwo pé kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, wọ́n sì sún. Olùdánwò lè béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé: ṣàlàyé fún ọmọ yìí, ní èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ, ìdí tí a kì í fi da omi lé ásíìdì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé yóò rí òróró àti àkàrà fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó há sórí ni yóò máa wá Gẹ̀ẹ́sì kiri.

Àtakò kan wà tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Olùkọ́ Físíìsì àti Kẹ́mísírì wọ́n ní ilẹ̀ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ wà tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń kọ́ni ní ìṣirò pẹ̀lú. Bí a bá mú ìdánwò le, ta ni yóò kù? Mo ti rò ó títí. Bí ẹni tí kò yege bá ní láti padà sílé, àtakò náà borí mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ lè wà lábẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n fún oṣù mẹ́ta, kí a máa san owó rẹ̀, kí ó sì padà wá ṣe é. Ìdí owó yẹn gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà lè dán ẹgbẹ̀rún olùkọ́ wò ní ọjọ́ kan. Ènìyàn méjì tí ó jókòó sí yàrá sáyẹ́ǹsì kò lè wò ju bí mẹ́wàá lọ, wọn yóò sì jẹun ní ọ̀sán. Èyí ni a kò fẹ́ ná. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń ṣírò owó náà ṣírò ti ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mọ́ ọn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà nísinsìnyí, a kò dúró de ìjọba. Ọ̀gá wa ti fi í ṣe àṣà pé kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tuntun kọ́kọ́ wọ yàrá sáyẹ́ǹsì lọ ní ọjọ́ tí kò sí ọmọ níbẹ̀, pẹ̀lú àgbà olùkọ́ kan àti òṣìṣẹ́ yàrá náà, kí ó bu omi la ásíìdì. Wọ́n máa ń pe èmi náà láti wá wò, nítorí wọ́n mọ ìtàn mi. Ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan dé, ó ní ìwé àṣẹ, ó ní ìwé ẹ̀rí tí ó dára ju ti gbogbo wa lọ. Ó wo ìgò náà, ó wo ife, ó sì wo ojú wa. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ṣe é rí. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò fi hàn mí?" Òṣìṣẹ́ yàrá náà fún un ní ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ó bu omi sílẹ̀, ó sì mú ìgò náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó fi ń wá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá wa fi kíláàsì SS 2 lé e lọ́wọ́.